Ojú Ìpàdé: Ìtàn Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Kọ́ Láti Wo Inú Mọ́ọ̀dù

Àga oníke funfun, irú èyí tí a máa ń tò sí òde ìnáwó, ni ó fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú ìsinmi ọdún tó kọjá, ọkọ ìyá mi gbé ọ̀kan wálé láti ibi iṣẹ́ wọn ní Ọ̀tà. Tuntun ni àga náà, ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó lé e rí. Síbẹ̀ ó ti sán láti etí ihò kan ní ẹ̀yìn rẹ̀ títí dé apá. Wọ́n gbé e sí àárín pálọ̀, wọ́n pe èmi àti ọmọ wọn obìnrin, wọ́n ní: "Ẹ wò ó dáadáa. Kí ló fọ́ ọ?"

Àwa méjèèjì kò dáhùn. Ọjọ́ kejìlá nìyẹn tí a ti bá ara wa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ la ẹnu ni yóò dà bí ẹni tó ń bẹ ẹnì kejì.

Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Nígbà tí mo pé méjìlá, ìyá mi fẹ́ ọkọ mìíràn, a sì kó lọ sí ilé wọn. Iṣẹ́ wọn ni títún mọ́ọ̀dù ṣe ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe nǹkan oníke. Ìyàwó wọn àkọ́kọ́ ti kúrò nílé, ó sì fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, èyí tó fi ọdún kan jù mí lọ. Yàrá kan ni wọ́n fi àwa méjèèjì sí. Ó ń pe ìyá mi ní "Ànti". Èmi kò pe bàbá rẹ̀ ní nǹkan kan. "Ẹ káàárọ̀ sà", "Ẹ kú iṣẹ́ sà", ibẹ̀ ni mo máa ń parí rẹ̀ sí.

Lọ́jọ́ tí ìjà bẹ́, mo gbé fọ́tò bàbá mi kọ́ sórí ìṣó tí ó máa ń fi aṣọ ilé ìwé rẹ̀ kọ́. Ó yọ fọ́tò náà, ó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní: "Ilé bàbá mi lo wà o." Èmi náà dá a lóhùn pé bí ilé náà bá dára ni, ìyá rẹ̀ kì bá tí fi í sílẹ̀. Gbólóhùn kan láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbólóhùn kan láti ọ̀dọ̀ mi. Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀, ó sì ti fọ́.

Nígbà tí ọkọ ìyá mi rí i pé a kò ní fèsì, wọ́n fi ẹnu bírò tọ ìlà tín-ín-rín kan lára àga náà. Bí ojú kò bá mú, èèyàn kò ní rí i. Wọ́n ní "weld line" ni àwọn ń pè é níbi iṣẹ́. Nínú àròkọ yìí, ojú ìpàdé ni màá máa pè é. Wọ́n ṣàlàyé pé ike yíyọ́ máa ń gba ẹnu kan wọ inú mọ́ọ̀dù àga. Bí ó bá dé ibi tí irin ti dí i lọ́nà, níbi tí ihò máa wà lára àga, ó máa ń pín sí méjì. Ọ̀kan á gba ọ̀tún, ọ̀kan á gba òsì, wọn a sì tún pàdé lẹ́yìn irin náà. Bí wọ́n bá pàdé nígbà tí wọ́n ṣì gbóná, wọn a wọ inú ara wọn, wọn a di ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti tutù jù kí wọ́n tó pàdé, wọn a kàn fara kan ara wọn lásán ni. Lójú, ike kan ni. Ní tòótọ́, méjì ni. Bí ẹni tó sanra bá fẹ̀yìn tì í, ibẹ̀ ni yóò ti là.

"Ẹni tó gbẹ́ mọ́ọ̀dù yìí kò kọ́kọ́ wò ó lórí kọ̀ǹpútà," báyìí ni wọ́n wí. "Kọ̀ǹpútà ì bá ti fi ibi tí yóò ti sán hàn án kí ó tó gé irin rárá."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe lè rí inú irin tí a kò tíì gé? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn rẹ̀ kiri, ohun tí mo rí ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ lára erin. Ní Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, eyín erin ni wọ́n fi ń ṣe bọ́ọ̀lù eré bílíádì. Eyín erin wọ́n, ó sì ń wọ́n sí i. Atẹ̀wé kan ní ìlú Albany, John Wesley Hyatt, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun mìíràn tí a lè fi rọ́pò rẹ̀. Ibi tó ti ń wá a ló ti bá celluloid pàdé, ọ̀kan lára àwọn ike àkọ́kọ́ tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ní 1872, òun àti ọmọ ìyá rẹ̀ Isaiah gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ kan tó ń ti ike gbígbóná jáde sínú mọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ náà kò ju abẹ́rẹ́ dókítà ńlá lọ: ìhà kan ni wọ́n ti ń tì í, ìhà kejì ni ike ti ń jáde. Títí di òní, orúkọ abẹ́rẹ́ yẹn ni iṣẹ́ náà ń jẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Lẹ́yìn Hyatt, ike tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ní 1933, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé iṣẹ́ ICI ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣèèṣì bá polythene pàdé, ike tí a fi ń ṣe ọ̀rá ìpọ́njà. Ní 1946, James Watson Hendry ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ tó ní ọ̀pá oníṣikúrù nínú, tó ń yí, tó ń po ike pọ̀ kí ó tó tì í, kí gbogbo rẹ̀ lè gbóná dọ́gba. Ní 1954, Giulio Natta ní ilẹ̀ Ítálì ṣe polypropylene, òun àti Karl Ziegler ti ilẹ̀ Jámánì sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1963. Polypropylene yìí ni ọ̀pọ̀ àga inú ìtàn wa. Ní 1972, ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn ẹ̀rọ Hyatt, Henry Massonnet ti ilẹ̀ Faransé gbé àga kan jáde tó pè ní Fauteuil 300. Ẹyọ ike kan ṣoṣo ni, láti ẹsẹ̀ dé ẹ̀yìn, ẹ̀rọ sì ń bí ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú méjì. Àwọn àga tó kún òde ìnáwó wa, irú ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà bí wọn.

Ṣùgbọ́n wàhálà kan wà níbẹ̀. Irin líle ni mọ́ọ̀dù. Owó rẹ̀ pọ̀, gbígbẹ́ rẹ̀ sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Nígbà tí a bá pa á dé, tí ike wọ inú rẹ̀, kò sí ojú tó lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn agbẹ́mọ́ọ̀dù ayé ìgbà náà ń fi ìrírí ṣe é. Wọn a gbẹ́ ẹ, wọn a dán an wò, wọn a rí i pé ike kò dé igun kan, tàbí afẹ́fẹ́ há sí ibì kan, tàbí ohun tó jáde wọ́ bíi pákó tí òjò pa. Wọn a tún lọ gé irin. Bí ẹni tí wọ́n gé irun rẹ̀ jù ni irin rí: ó rọrùn láti gé sí i, fífi padà ni ìṣòro. Bí wọ́n bá gé e kọjá ibi tó yẹ, owó ti wọgbó nìyẹn.

Kí ló dé tí wọn kò fi ìṣirò ṣe é? Ohun tí mo kọ́kọ́ bi ara mi nìyẹn, torí pé a ti kọ́ bí omi ṣe ń ṣàn nínú páìpù nínú Físíìsì. Ṣùgbọ́n ike yíyọ́ kì í ṣe omi. Polypropylene máa ń yọ́ ní nǹkan bí 160 lórí ìwọ̀n Celsius, wọ́n sì máa ń mú un gbóná kọjá 200 kí wọ́n tó tì í. Bí a bá rọra tì í, ó ki bí ẹ̀bà. Bí a bá tì í kíákíá, ó máa ń ṣàn ju bí a ti rò lọ, omi kì í sì ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì ti kan ara irin tó tutù, èyí tó kan irin á dì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí òrí ṣe ń dì mọ́ ara ìgò nígbà ọyẹ́, àárín rẹ̀ nìkan ni yóò máa ṣàn. Ọ̀nà náà ń há sí i bí ike ṣe ń lọ. Nítorí náà, bí ó ṣe ń yára, bí ó ṣe ń gbóná àti bí ó ṣe ń ki, ọ̀kan ń yí èkejì padà, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fi bírò àti ìwé parí ìṣirò bẹ́ẹ̀ fún odidi àga.

Ìrànlọ́wọ́ wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí. Ní 1898, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Henry Selby Hele-Shaw kọ̀wé nípa bí ohun tó ń ṣàn ṣe ń rìn láàárín gíláàsì méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra. Bí àlàfo bá tín-ín-rín bẹ́ẹ̀, ìṣirò rẹ̀ máa ń rọrùn gan-an. Kò ronú nípa ike rárá. Ṣùgbọ́n kí ni abọ́, ìdérí àti àga oníke, bí kì í bá ṣe àlàfo tín-ín-rín láàárín irin méjì? Ní 1974, ọ̀jọ̀gbọ́n K. K. Wang bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan lórí mọ́ọ̀dù ike ní Yunifásítì Cornell ní ìpínlẹ̀ New York, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sì fi owó tì í lẹ́yìn. Níbẹ̀, C. A. Hieber àti S. F. Shen lo ọgbọ́n Hele-Shaw. Wọ́n pín nǹkan oníke sí àwọn ìgun mẹ́ta kéékèèké, wọ́n jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣírò ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1980. Bí aránṣọ ṣe ń ran ègé aṣọ pọ̀ di agbádá ni wọ́n ṣe ran ègé ìṣirò pọ̀ di odidi.

Ní òpin ayé kejì, ní Melbourne ní Ọsirélíà, Colin Austin ti ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Ẹnjiníà ni, owó tí mọ́ọ̀dù burúkú ń ná àwọn ilé iṣẹ́ ló ń dùn ún. Ní 1978, ó dá ilé iṣẹ́ Moldflow sílẹ̀. Ọ̀nà tó kọ́kọ́ gbà rọrùn débi pé ọmọ ilé ìwé lè lóye rẹ̀. Ẹ mú páálí bíi ti bàtà, ẹ tú u, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹ wá wo ibi tí ike yóò gbà láti ẹnu ọ̀nà dé igun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ṣírò ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí ọ̀nà kan bá kún tipẹ́ kí èkejì tó kún, nǹkan kò ní dára. Àwọn kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà tóbi, wọ́n sì wọ́n. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kò ní tiwọn. Wọ́n máa ń yá àkókò lórí kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíràn, wọ́n sì ń bá a sọ̀rọ̀ lórí wáyà tẹlifóònù. Èsì rẹ̀ kò ní àwòrán aláràbarà. Nọ́ńbà lórí ìwé ni. Síbẹ̀, ìgbà yẹn ni agbẹ́mọ́ọ̀dù kọ́kọ́ rí nǹkan kan kí ó tó gé irin.

Ọdún 1986 ni àwọn kan láti inú iṣẹ́ Cornell dá ilé iṣẹ́ AC Technology sílẹ̀, wọ́n sì sọ ètò kọ̀ǹpútà wọn ní C-MOLD. Bí orogún méjì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: Moldflow láti ibi iṣẹ́ ọwọ́, C-MOLD láti yunifásítì. Ohun tí ọ̀kan bá ṣe, èkejì á fẹ́ ṣe jù ú lọ, ìjà náà sì ṣe ayé láǹfààní. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ìbéèrè tí ètò kọ̀ǹpútà lè dáhùn ń pọ̀ sí i. Lákọ̀ọ́kọ́, ìbéèrè kan ni: ṣé ike yóò kún mọ́ọ̀dù? Lẹ́yìn náà: níbo ni ike yóò ti pàdé ara rẹ̀, báwo ni yóò sì ti gbóná tó níbẹ̀? Lẹ́yìn náà: nígbà tó bá tutù, báwo ni yóò ṣe wọ́? Polypropylene máa ń sún kì tó ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún bó bá tutù, bí apá kan bá sì sún kì ju èkejì lọ, àga á wọ́. Ní 1984, Folgar àti Tucker ní Yunifásítì Illinois fi ìṣirò hàn bí fọ́nrán gíláàsì tí wọ́n pò mọ́ ike láti mú un le ṣe ń yí ojú sí ibi kan bí ike ṣe ń ṣàn. Ìṣirò wọn wọ inú àwọn ètò wọ̀nyí, a sì mọ ibi tí nǹkan oníke yóò ti le àti ibi tí yóò ti rọ̀.

Ìṣòro kan ṣì kù. Láti lo ọgbọ́n Hele-Shaw, ènìyàn ní láti ya àwòrán mìíràn, tó jẹ́ àárín nǹkan náà lásán, bí ìwé tí kò nípọn. Yíya àwòrán yìí nìkan lè jẹ ọjọ́ púpọ̀. Ní òpin àwọn ọdún 1990, Moldflow mú ọgbọ́n mìíràn wá: kí kọ̀ǹpútà lo ojú òde nǹkan náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ó sì so ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan mọ́ èkejì. Lásìkò kan náà, ìṣirò tó wo odidi nǹkan náà, gígùn, ìbú àti nínípọn, bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, torí pé agbára kọ̀ǹpútà ti pọ̀. Ní Taiwan, ilé iṣẹ́ CoreTech tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, tí gbòǹgbò rẹ̀ wà ní Yunifásítì National Tsing Hua, gbé Moldex3D jáde. Wọ́n di ọmọ tuntun nínú ilé tí àwọn àgbà ti ń jà.

Ibi tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìtàn yìí ni ọdún 2000. Ní ọdún yẹn, Moldflow ra C-MOLD. Àwọn tó ti ń bá ara wọn jà láti ọdún mẹ́rìnlá wá di ará ilé kan náà. Kí ni wọ́n máa ṣe? Wọn kò kàn ju iṣẹ́ ẹni tí wọ́n rà nù. Nínú ètò tó jáde lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n pa ọgbọ́n ìhà méjèèjì pọ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Autodesk wá ra Moldflow ní 2008, ohun tí wọ́n rà ti jẹ́ ilé kan tí ìdílé méjì kọ́.

Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo wo bẹ́ẹ̀dì kejì nínú yàrá wa.

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún ọmọ ìyá kan náà, iyèkan. Ó sì ní fún ọmọ bàbá kan náà, ọbàkan. Ṣùgbọ́n èmi àti ọmọ ọkọ ìyá mi kì í ṣe iyèkan, a kì í sì í ṣe ọbàkan. N kò mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo lè fi pè é, odidi gbólóhùn ni mo máa ń sọ: "ọmọ tí ọkọ ìyá mi bí kí wọ́n tó fẹ́ ìyá mi." Láyé àtijọ́, bí ọkùnrin bá kú, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ lè ṣú ìyàwó rẹ̀ lópó, àwọn ọmọ kò sì ní kúrò nínú agbo ilé bàbá wọn. Irú ilé tiwa yìí, níbi tí ìdílé méjì tí kò bá ara wọn tan ti di ọ̀kan, kò ní orúkọ púpọ̀ nínú èdè wa.

Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò ṣe bí ẹni pé ilé olórogún kò ní ojú ìpàdé. Bí olórogún bá kú, ìdí-igi ni wọ́n fi ń pín ogún rẹ̀: iye ìyàwó tó bímọ ni wọn a fi pín in, láìwo iye ọmọ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bí. Ọ̀nà kejì ni orí-ò-jorí, níbi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ń gba tirẹ̀. Wọ́n lè lò ó bí ìjà bá fẹ́ wọ̀ ọ́, tí olórí ẹbí sì rí i pé ó tọ́. Nígbà tí ẹjọ́ ogún Dawodu àti Danmole dìde ní Èkó, lórí ogún ọkùnrin kan tó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án, ó dé ọ̀dọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1962 wọ́n sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin Yorùbá ni ìdí-igi. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé àwọn àgbà mọ ibi tí ilé ti lè sán. Wọ́n fi òfin sí i kí ẹrù má baà wúwo jù níbẹ̀.

Nígbà tí mo parí ìwé kíkà mi, mo lọ bá ọkọ ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń fọ ọ̀kadà. Mo bi wọ́n pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kọ̀ǹpútà lè mú ojú ìpàdé kúrò pátápátá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Rárá o. Bí o bá fẹ́ ihò, o gbọ́dọ̀ gba ojú ìpàdé. Àga tí kò ní ihò á wúwo, omi òjò á sì dúró lórí rẹ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ fún ni ni ibi tó máa bọ́ sí. Èèyàn lè sún ẹnu ọ̀nà kí ó bọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní fẹ̀yìn tì. Èèyàn lè fẹ ọ̀nà tí ike ń gbà, kí ó lè dé ibẹ̀ kí ó tó tutù. Èèyàn lè mú mọ́ọ̀dù gbóná díẹ̀ sí i."

Mo ní: "Bí a bá wá ti ike náà gan-an ńkọ́?"

"Ó ń ṣe díẹ̀. Bí o bá tì í jù, ẹnu mọ́ọ̀dù á ṣí, ike á tú síta."

Wọ́n dákẹ́, wọ́n fi àkísà nu ọwọ́. Wọ́n wá ní: "Ó jọ pé bí a ṣe ṣe ẹ̀yin méjèèjì nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ẹ dé la ti ní kí ẹ máa ṣe bí ọmọ ìyá. Yàrá kan, ìṣó kan, gbogbo nǹkan. A ti yín jù."

Ìyá mi ń já ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Wọn kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọ́n gbọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n wọ yàrá wa pẹ̀lú òòlù àti ìṣó mẹ́rin. Wọ́n ní: "Kí kálukú kàn án sí ibi tó bá wù ú." Wọ́n wá kọjú sí ọmọ ọkọ wọn, wọ́n ní: "Ìwọ, máa pè mí ní Ànti. Ó dára bẹ́ẹ̀. O ní ìyá." Ọmọ náà wolẹ̀. Èmi náà wolẹ̀, torí pé èmi ni mo ti sọ̀rọ̀ sí ìyá rẹ̀ yẹn.

Mo kọ́ fọ́tò bàbá mi sí apá ọ̀dọ̀ mi. Òun náà mú fọ́tò kékeré kan jáde láti inú báàgì rẹ̀, òun àti ìyá rẹ̀ ni, ó kọ́ ọ sí apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. N kò mọ̀ rí pé ó ní fọ́tò bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta la ti jọ ń sùn nínú yàrá yẹn. Nígbà tí iná lọ, ó bi mí pé: "Ṣé o ṣì ń lo tọ́ọ̀ṣì yẹn?" Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láàárín wa nìyẹn. Mo na tọ́ọ̀ṣì náà sí i, mo sì ní kí ó má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ìyá rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dáhùn. Ó ní, "Èmi náà kò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀."

N kò ní purọ́ pé a ti di iyèkan láti ọjọ́ náà. A ṣì ń jà lórí ẹni tó máa pọn omi. Ṣùgbọ́n òun ló ṣàlàyé ìgun mẹ́ta kéékèèké ti Cornell fún mi títí ó fi yé mi, torí pé ó wà ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì, ó sì mọ Físíìsì jù mí lọ. Òun náà ló ka àròkọ yìí kí n tó fi sílẹ̀, ó sì ní kí n má yọ ọ̀rọ̀ tí òun sọ sí mi kúrò, níwọ̀n bí mo ti fi tèmi náà sí i.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òtítọ́ ni. Ohun tí ìtàn ètò kọ̀ǹpútà yìí wá fi kún un fún mi ni pé kí ògiri tó lanu, ó ti ní ibi tó ti máa là. Láti 1978 títí di òní, ohun tí àwọn onímọ̀ wọ̀nyí ń ṣe ni pé wọn kò fojú pa ibẹ̀ rẹ́. Wọ́n ń wá a, wọ́n ń wọn ooru rẹ̀, wọ́n sì ń gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Agbẹ́mọ́ọ̀dù tó bá ní ojú ìpàdé kò sí nínú iṣẹ́ òun, òde ìnáwó ni àga rẹ̀ yóò ti tú u fó.

Àga náà ṣì wà lẹ́yìn ilé wa. Ọkọ ìyá mi fi wáyà di í, garawa ni a ń gbé lé e. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń kọ ìparí àròkọ yìí, nígbà tí ọmọ ọkọ ìyá mi yọjú láti ojú fèrèsé.

"Bàbá wa ní kí o wá jẹun," ló wí.

Mo dìde, mo sì wọlé.